Mo Kọ Nọ́ńbà Irọ́ Sára Dísìkì Géèmù Àbúrò Ọkọ Mi

Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe àṣìṣe, ọwọ́ mi ò gbọ̀n, gíláàsì mi wà lójú mi, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ojú ewé yìí, ẹ dákun, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí Tchaourou yìí kò tóbi, bí èèyàn bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ẹni tó wà lẹ́bàá títì Parakou á ti ní pẹ̀lẹ́. Mo ti ń ka ìjẹ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn níbí tipẹ́, mo ti fi àwọn kan rẹ́rìn-ín, mo ti dá àwọn kan lẹ́jọ́ látorí ìjókòó mi... bon, ó ti kan èmi náà. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Mo ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní kọlẹ́ẹ̀jì kan lágbègbè wa, mo bí ọmọ mẹ́ta, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, tata, ìyẹn àǹtí, ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, mo sì mọ géèmù ìbọn yíyìn ju gbogbo ọkùnrin tó wà láti Tchatchou títí dé Kika lọ. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rín in tán, mo dúró dè yín.

Ọkọ mi ló mú un wọlé. Ọdún tí zém, alùpùpù akérò, gbá a tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, oṣù márùn-ún gbáko ló fi dùbúlẹ̀, ìbátan rẹ̀ kan ní Cotonou wá fi ẹ̀rọ géèmù àlòkù ránṣẹ́ sí i, kí orí rẹ̀ má bàa dàrú. Manẹ́ẹ̀tì méjì ló bá a wá, ìyẹn nǹkan tí à ń dì mú lọ́wọ́ méjèèjì tí a fi ń darí ìbọn. Ta ló máa di èkejì mú? Èmi náà ni. Oṣù kìíní, àánú ló mú kí n máa bá a ṣe é. Oṣù kejì, mo ń ṣe é torí mi ò fẹ́ kó máa nà mí nínú géèmù mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, òun ló ń bẹ̀ mí pé ìyá àwọn ọmọ, jẹ́ kí èmi náà pa ẹnì kan lónìí. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, ó padà sídìí òwò èso kajú rẹ̀, ó gbàgbé manẹ́ẹ̀tì pátápátá. Èmi ò gbàgbé. Bí mo bá ti yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi wò tán, bí ọbẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, tí iná ò sì lọ, mo ti wà nídìí rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, ẹ mọ̀ pé a kì í rí géèmù rà nínú páálí. Ọkùnrin kan wà ní Parakou tó máa ń dà á kọ sórí dísìkì, inú ọ̀rá funfun ló máa ń kó o sí, orúkọ tí ẹnu àwa fúnra wa bá sọ ọ́ la máa ń fi bíìkì dúdú ńlá kọ sára rẹ̀. A kì í mọ èwo ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, a kì í mọ ẹni tó ṣe é. Mẹ́rin tí gbogbo ìlú ń jà lé lórí ni Amí, Ará Òṣùpá, Ṣọ́jà Aṣálẹ̀ àti Ògiri, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe tò wọ́n fún yín yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe jáde lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ fi sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ mi. Nínú Amí, èèyàn mẹ́rin lè jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ á pín sí mẹ́rin, oníkálukú á máa ṣọ́ igun tirẹ̀, á sì máa fojú jí ti ẹnìkejì wò. Orí àwọn èèyàn inú rẹ̀ rí bí páálí ṣúgà, orúnkún wọn ò tẹ̀, síbẹ̀ òun ló sọ ìbọn yíyìn di ohun tí ará ilé kan lè jọ ṣe nínú pálọ̀. Ará Òṣùpá ló tẹ̀ lé e, jagunjagun tó dé àṣíborí onígíláàsì. Òun ló ní ìbọn méjì péré ni o lè gbé, bí o bá fẹ́ ẹ̀kẹta, sọ ọ̀kan sílẹ̀. Òun náà ló mú ẹ̀jẹ̀ tó ń padà fúnra rẹ̀ wá: wọ́n yìnbọn bà ọ́, o sá sẹ́yìn àpáta, o ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé márùn-ún, ara rẹ ti dá ṣáṣá. Ṣáájú ìyẹn, àpótí oògùn lèèyàn máa ń wá kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ ilé nù. Ṣọ́jà Aṣálẹ̀ wá gba ẹ̀jẹ̀ tó ń padà yẹn lò, ó fi oyè kún un, bí o ti ń pa ọ̀tá lo ń gòkè, tí wọ́n ń fún ọ ní ìbọn tó dára ju ti àná lọ. Ògiri ló dé kẹ́yìn, ẹ̀yìn jagunjagun lo máa ń rí nínú tirẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri bí alángbá.

Mo ní ìwé àjákọ kan tí mo máa ń kọ èrò mi sí. Ẹ má bi mí pé kí ló dé, olùkọ́ ni mí, àìsàn wa nìyẹn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń padà ni ọgbọ́n tuntun tó tóbi jù lọ nínú gbogbo wọn, òun náà ló sì ba nǹkan jẹ́ jù, torí nígbà tí oògùn ṣì ṣọ̀wọ́n, gbogbo ilẹ̀kùn ló ń bani lẹ́rù láti ṣí. Mo kọ ọ́ pé: ọjọ́ tí èèyàn ti lè sinmi kí ikú kọjá, ọjọ́ yẹn ni ìgboyà ti di ọ̀fẹ́. Mo tún kọ ọ́ pé: ẹni tó gbé ìbọn mẹ́wàá kò yan nǹkan kan, ìbọn méjì ló ń kọ́ni ní yíyàn. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni mo fi ro gbólóhùn méjèèjì yìí? Mi ò lè kà á. Mo ro wọ́n nídìí ọbẹ̀, mo rò wọ́n nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ó kan ẹni tó jí wọn. Àbúrò ọkọ mi ni. Mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ fún yín, kì í sì í ṣe tìtorí ojú ewé yìí nìkan... mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. Ẹ mọ̀ ọ́n bó ṣe ń rí. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ pé èmi fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Inagijẹ ni à ń fún wọn. Ìgbà tí mo dé, ó ṣì ń lọ sí kọlẹ́ẹ̀jì, bíìkì mẹ́ta ló máa ń kì bọ àpò àyà, kò sí ọ̀kan tó ń kọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Títí dòní, Akọ̀wé mi ni mo ń pè é, ìyàwó mi ló ń pè mí, ẹ̀fẹ̀ ni láàárín wa láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó ti pa kọlẹ́ẹ̀jì tì, ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lẹ́bàá títì, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá bá mi gbá géèmù. Mo máa ń nà án. Ó máa ń bi mí léèrè, mo máa ń dá a lóhùn, mo tilẹ̀ máa ń ka ìwé mi sí i létí. Mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ ni.

Radíò agbègbè wa ní ètò kan lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ní èdè Nàgó, fún àwọn tó fẹ́ràn géèmù. Lọ́jọ́ kan, mo wà ní ìta, mo ń to ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi jọ, aládùúgbò mi tó ń ta gàrí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú radíò rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Akọ̀wé. Inú mi dùn, franchement, inú mi dùn. Mo ní ẹ wò ó, ọkọ mi ń sọ̀rọ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀... ọjọ́ tí èèyàn ti lè sinmi kí ikú kọjá, ọjọ́ yẹn ni ìgboyà ti di ọ̀fẹ́. Bí mo ṣe kọ ọ́, kò yọ nǹkan kan, kò fi nǹkan kan kún un. Ẹni tó ń darí ètò náà fi tonton pè é bí ẹni pe ẹ̀gbọ́n, ó kígbe pé háà, tonton, níbo lẹ ti rí ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ gbọ́ ohun tó fi fèsì. Ó ní, “Orí ló máa ń wá, àbúrò. Ó máa ń bá mi bẹ́ẹ̀ bí mo bá ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe.” Ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin tí mi ò rí kó tún kẹ̀kẹ́ ọmọdé ṣe rí.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí ìyẹn nìkan ni, bóyá mi ò bá tí kọ̀wé sí yín. Ẹnì kan tẹ̀ wọ́n láago láti Kika, ó béèrè pé ṣé àwọn obìnrin pẹ̀lú máa ń gbá géèmù ìbọn. Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyàwó wa kan wà nílé, bí ẹni di orógùn ló ṣe máa ń di manẹ́ẹ̀tì mú. Bí ìbọn bá ti dún, á ní Jésù. Òun la fi ń pa ara wa lẹ́rìn-ín.” Aládùúgbò mi wò mí. Ó yí radíò sílẹ̀ díẹ̀, kò pa á. Ó ṣáà fẹ́ gbọ́ ìyókù.

Lọ́jọ́ kejì tí mo wọ kíláàsì, orógùn ni wọ́n yà sójú pátákó. Wọ́n yà á dáadáa pàápàá, ọmọ tó yà á ní ẹ̀bùn. Mo nù ún kúrò, mo kọ́ wọn ní ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn. Àmọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n jí ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, kí wọ́n tún fi ẹnu yín náà ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?

Mo wọ bàtà pé mo ń lọ sí radíò. Ìyá ọkọ mi rí ojú mi, ó ní kí n jókòó. Ó ní, “Ìyàwó, ọkọ rẹ ló sọ̀rọ̀. Ṣé ojú agbo lo ti fẹ́ já a nírọ́?” Mo ní rárá, mà. Ó ní, “Bá a sọ ọ́ nínú ilé.” Mo bọ́ bàtà. Mo bá Akọ̀wé sọ ọ́ nínú ilé, mo rọra sọ ọ́, mo kúnlẹ̀ pàápàá. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹ iṣu mi, ó ní, “Ìyàwó mi, ṣé ọ̀rọ̀ ní ẹni tó ni ín ni? Ọ̀rọ̀ tó ti jáde, ti afẹ́fẹ́ ni.” Ó wá béèrè bóyá ata ṣì kù.

Ó dáa. Ti afẹ́fẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi rẹ́rìn-ín sí i lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ó ń lọ sí radíò ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó ń kó ọ̀rọ̀ mi lọ díẹ̀díẹ̀ bí eku tó ń gbé ẹ̀pà, àwọn èèyàn ń kí i lójú títì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kóòtù. Èmi ń ro ọbẹ̀ fún un. Mo ń dá a lóhùn bó bá béèrè. Mo ń dúró.

Wọ́n wá kéde àríyànjiyàn ńlá kan, ọ̀sán Sátidé, nínú gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́. Akọ̀wé àti ọmọ Parakou kan tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n máa jà lé lórí ni pé, nínú géèmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ló mú ọgbọ́n tuntun wá jù, èwo ló kàn ń ṣe àwòkọ? Ẹni tó bá borí, radíò máa fi ètò Ọjọ́bọ̀ lé e lọ́wọ́ pátápátá, ohùn rẹ̀ ló máa di ohùn ètò náà. Ẹ rí i pé ohun gbogbo dúró lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: èwo ló ṣáájú? Ẹni tí kò mọ èyí tó ṣáájú, báwo ló ṣe máa mọ ẹni tó jí ọgbọ́n ẹnìkejì?

Akọ̀wé ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Bí a bá gbá géèmù kan dé òpin, orúkọ àwọn tó ṣe é máa ń jáde, wọ́n á máa gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú orin, ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ, nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń kọ ọdún sí. Akọ̀wé kì í dúró wò ó. Kó tó di pé orúkọ kẹta jáde, ó ti tẹ bọ́tìnnì láti fò ó. Èmi máa ń jókòó tì í títí dé ìlà tó kẹ́yìn, mo fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni, èèyàn ló ṣe é, ẹ jẹ́ ká ka orúkọ wọn. Mo sì máa ń kọ ọdún rẹ̀ sínú ìwé mi.

Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú Sátidé yẹn, ó kó dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sọ́dọ̀ mi nínú ọ̀rá. Ó ní, “Ìyàwó mi àtàtà, tò wọ́n fún mi. Kọ nọ́ńbà sí wọn lára bí wọ́n ṣe jáde, kí n kọ́ ọ sórí.” Kò ní jọ̀ọ́. Mo gba bíìkì dúdú ńlá. Mo kọ 1 sára Amí, torí afọ́jú pàápàá mọ̀ pé Amí ti dàgbà. Mo kọ 4 sára Ògiri. Ó wá ku méjì tó wà láàárín, tí ojú wọn jọra, tí ọdún wọn ò jìnnà síra. Mo kọ 2 sára Ṣọ́jà Aṣálẹ̀. Mo kọ 3 sára Ará Òṣùpá. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ.

Ó wò ó, ojú rẹ̀ là. Ṣọ́jà Aṣálẹ̀ ni àyànfẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín, oyè yẹn ló fẹ́ràn níbẹ̀, ó fẹ́ràn kí wọ́n máa gbé òun ga. Ó ní, “Ṣé Ṣọ́jà Aṣálẹ̀ ló ṣáájú Ará Òṣùpá?” Mo ní òun ni. Ó ní, “Mo mọ̀. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́.” Kò sọ ọ́ rí. Irọ́ tó bá ti dùn mọ́ni, ta ló ń wádìí rẹ̀? Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè dúró wo orúkọ títí dé ìsàlẹ̀, ó lè pe ọkùnrin Parakou tó ń da géèmù kọ. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa jẹ ohun tí ẹlòmíràn sè kì í yọjú wo inú ìkòkò.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí a ń jẹun, ọkọ mi rọra ní, “Mo gbọ́ tí àbúrò mi ń ka nǹkan sókè. Ará Òṣùpá ló ṣáájú, àbí mo ti gbàgbé?” Mo ní o ti gbàgbé. Ó wò mí. Ó bu òkèlè, ó ní, “Oṣù márùn-ún ni mo fi dùbúlẹ̀ níbẹ̀ o.” Mo ní bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe gbàgbé. Ó fa àwo ọbẹ̀ sọ́dọ̀. Donc, ìyẹn ni pé ó mọ̀. Ó mọ̀, kò sì kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wá bá mi túmọ̀ ìyẹn.

Sátidé dé. Gbọ̀ngàn kún, àwọn mìíràn dúró sójú fèrèsé. Èmi jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Parakou yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń tẹríba fún gbogbo èèyàn, ó ń ní tonton, ó ń ní tata, inú mi ti ń yọ́ sí i. Akọ̀wé dìde nínú kóòtù rẹ̀. Ó fẹ àyà. Ó ní, “Ará Òṣùpá tí ẹ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, olè ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà, ara Ṣọ́jà Aṣálẹ̀ ló ti jí i. Ẹni tó bá jí ọgbọ́n ẹlòmíràn, kò yẹ kó jókòó láàárín èèyàn.” Ẹ̀yin ará, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, èmi kọ́ ni mo fi sí i lẹ́nu. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ọmọ yẹn rọra dìde. Ó ní, “Tonton, ẹ má bínú, ẹ bá mi tún un sọ. Èwo lẹ ní ó ṣáájú?” Akọ̀wé ní Ṣọ́jà Aṣálẹ̀. Ó ní, “Ó dá yín lójú?” Akọ̀wé ní, “Bí orúkọ ìyá tó bí mi.” Ìyá tó bí i wà níbẹ̀, ó mi orí sí i. Ọmọ yẹn kò bá a jiyàn. Ó kàn tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi òpin géèmù méjèèjì hàn lára ògiri, orúkọ ń gòkè, orúkọ ń gòkè, títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí ọdún wà. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí i. Gbogbo gbọ̀ngàn na ọrùn kí wọ́n lè ka nọ́ńbà náà. Lẹ́yìn náà, ohùn kan láti ojú fèrèsé ní, “Ẹ gbà wá o, ọmọ ti bí bàbá.” Ilé wó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀.

Akọ̀wé wò yíká. Ó wá ojú mi títí ó fi rí i. Mo mọ ohun tí ojú yẹn ń bi mí. Bí mo bá dìde nígbà yẹn, bí mo bá sọ ohun kan ṣoṣo, mo lè yọ ọ́, mo lè sọ pé ẹ̀bi nọ́ńbà ni. Mo tẹ̀ ba, mo ń tún okùn bàtà mi ṣe. Bàtà yẹn kò ní okùn.

Ó dùn mọ́ mi. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi bí iṣu tuntun. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Tonton Ọmọ-Bí-Bàbá ni wọ́n ń pè é lójú títì báyìí, àwọn ọlọ́kọ̀ zém á dín eré kù kí wọ́n lè pè é dáadáa. Kò wọ kóòtù mọ́.

Àmọ́ ẹ tẹ́tí sí mi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Kí àríyànjiyàn yẹn tó parí, ọmọ Parakou yẹn tẹríba fún Akọ̀wé, ó ní òun ò wá láti dójú ti tonton, pé gbólóhùn kan wà tí tonton sọ lórí radíò nípa ikú àti ìgboyà, pé òun kọ ọ́ sínú ìwé òun, pé òun ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó kà á sókè. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n dìde dúró pàápàá, Akọ̀wé sì gba àtẹ́wọ́ náà, ó gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ mi. Mo ti gbé e ṣubú tán, ó tún fi ọ̀rọ̀ mi dìde. Kí wá ni mo gbẹ̀san? Kí ni mo rí gbà? Ọdún ló ṣì sọ, orúkọ rẹ̀ sì ti wọ abẹ́ gbólóhùn mi títí láé.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ó wá bá mi. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, “Ìyàwó mi, má bínú sí mi. Ó ní láti jẹ́ pé mo dà á rú lórí ni, o kọ ọ́ dáadáa fún mi, èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́.” Mo wò ó. Kò fura. Kò tilẹ̀ yẹ ara dísìkì wò mọ́, ìtìjú ò jẹ́ kó fojú kàn wọ́n. Ó ń bẹ̀ mí fún ohun tí kò ṣe, ohun tó ṣe kò sì kọjá lọ́kàn rẹ̀ rárá. Ṣé ẹ rí irú ẹ̀bẹ̀ yìí rí? Ó fẹ́ẹ̀ mú mi sunkún, lẹ́yìn náà ó tún bí mi nínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó wá sọ pé àwọn radíò, tí wọn ò tíì fi ètò lé ọmọ Parakou lọ́wọ́, ti pè é. Wọ́n ní torí gbólóhùn yẹn, àwọn á fún un láǹfààní kan sí i, òun àti ọmọ Parakou nínú stúdíò, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó bá borí lọ́tẹ̀ yìí ló ni ètò. Ó gbé ọ̀rá dísìkì kalẹ̀ níwájú mi. Ó ní ìtìjú ò jẹ́ kí òun ka ọdún tó wà lára ògiri, òun ò sì gbẹ́kẹ̀ lé orí ara òun mọ́, kí n nu nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, kí n kọ òmíràn gàdàgbà, kí ojú má bàa tún dà á rú.

Mo fún un láǹfààní. Ẹ jẹ́rìí mi, mo fún un. Mo fi ẹ̀rín sí i bí a ṣe máa ń ṣe, mo ní Akọ̀wé mi, bí mo bá tò ó fún ọ, ṣé wàá sọ lórí radíò pé èmi ni mo kọ́ ọ? Gbólóhùn kan péré, kí àwọn tó ń ya orógùn lè gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kí n sọ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ́ mi ní ìbọn yíyìn? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sin mí láàyè ni?” Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. Ó lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Ṣé kí n kọ nọ́ńbà òtítọ́, kó lọ borí, kí ó máa fi ohùn rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ títí mo fi máa kú? Ṣé kí n tún un ṣì kọ, kí wọ́n sin ín lẹ́ẹ̀kejì, kí ètò náà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Parakou tó mọ ìwà hù? Àbí kí n ṣe ohun kẹta, èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn... mo ní nọ́ńbà fóònù radíò yẹn. Mo lè tẹ̀ wọ́n láago nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí n pe orúkọ rẹ̀ gan-an, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kí n kí i bí èèyàn ṣe ń kí ọmọ kíláàsì rẹ̀, kí n wá ka ìwé mi láti ojú ewé àkọ́kọ́. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìyàwó tó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ lójú agbo, tó tún já a nírọ́, ìyá ọkọ mi ò ní gba omi lọ́wọ́ mi mọ́. Ọkọ mi ńkọ́? Mi ò mọ̀. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí èèyàn lè fi dídákẹ́ ṣe odi níwọ̀n.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n dárí jì í. Mo ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ara mi, èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn, mo mọ bó ṣe rọrùn tó. Ẹni tí wọ́n ti jí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí ni kó dá mi lóhùn. Ṣé ó tán nínú rẹ? Nígbà wo ló tán?

Ọjọ́rú ló ń bọ̀ wá gba dísìkì, torí náà ẹ tètè fèsì. Wọ́n wà níwájú mi báyìí, mo ti nù wọ́n mọ́. Mo ti kọ 1 sára Amí, mo ti kọ 4 sára Ògiri. Ó ku méjì tó wà láàárín. Kí ni kí n kọ?